Ọjọ́ Tí Mo Gbé Igi Fáà Lọ Gba Òtútù ní Èjìgbò

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé mi, bí mo tilẹ̀ ń gbìyànjú. Bí mo bá rí ẹja dídì lórí tábìlì ẹni tó ń tà á, ọjọ́ náà ló ń padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì níwájú mi, ẹsẹ̀ mi á ti sún sẹ́yìn kí n tó mọ̀. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó ládùúgbò, ó wá kù kí èmi náà fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ẹni tó máa ń ṣọ́ra ni mí. Aṣọ iléèwé ni mo ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí Ire-Akari. Kí n tó jáde nílé, mo máa ń fọwọ́ kan gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí òjò bá ṣú, gbogbo nǹkan tó wà lára iná ni mo máa ń yọ, títí kan ihò tí wọn kò fi nǹkan kan sí. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, mi ò sì ní wọ̀ ọ́. Dúpẹ́ ọmọ mi máa ń sọ pé bí ẹ̀rù bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, èmi ni wọn ì bá fi ṣe ọ̀gá àgbà. Nítorí ìṣọ́ra yìí náà ni Àlàájà, onílé wa, ṣe fi igi rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú gbogbo àwa ayálégbé.

Igi náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọ Àlàájà obìnrin ń gbé ní Kánádà, ibẹ̀ ló sì bí Fárídà sí. Fárídà ń lọ sí ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Níléèwé wọn, wọ́n ń kọ́ wọn nípa igbó igi fáà, àwọn igi olórí ṣóńṣó tí àwọn ènìyàn máa ń so iná mọ́ lára nígbà Kérésìmesì. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń rí ara wọn lójú fóònù ló bi ìyá ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ṣé ẹ ní igi fáà ní Ìsọlọ̀?”

Àlàájà kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò aṣọ ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n bi í bóyá ó ní nǹkan tó dáhùn pé òun kò ní. Ó ní, “A ní in, ọmọ mi. Tí o bá dé ní Disẹ́ńbà, wàá rí i.”

Lọ́jọ́ kejì ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Òkòtà lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní igi Kérésìmesì. Wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú ike dúdú ńlá. Igi náà ga dé àyà mi, ẹ̀ka rẹ̀ tò ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá Rísì, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja dídì ní Èjìgbò, kò jẹ́ kí Àlàájà sinmi.

“Àlàájà, ẹ ti wá di onígbàgbọ́ nìyẹn? Ká máa múra ìrìbọmi yín sílẹ̀?”

“Igi ni mo rà, Ìyá Rísì. Mi ò ra ṣọ́ọ̀ṣì.”

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni igi yìí fi wà nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tó ń dàgbà ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan fún un ju pé kí Àlàájà bu omi sí i nígbà tó bá rántí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, ara ẹ̀gbọ́n Àlàájà kò yá ní Ìṣẹ́yìn, ó sì di dandan kó lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ igi náà.

“Ìyá Dúpẹ́, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Tí Fárídà bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, igi yìí ló máa kọ́kọ́ béèrè. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o máa bomi sí i.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ kà á sí pé ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹ̀! Mo rò ó pé bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bá dára, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ á dára jù ú lọ. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, mo ń bomi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àyà mi sì já. Mo rí ojú Fárídà níwájú mi. Mo rí ojú Àlàájà lẹ́yìn ti Fárídà, mi ò sì fẹ́ wo ìyẹn pẹ́.

Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà mí. Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Mo kà pé orí òkè tó tutù ni fáà ti wá, níbi tí yìnyín ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, tí ìkùukùu sì máa ń bo igbó láti òwúrọ̀. Mo kà nípa ti Kánádà, tí oje olóòórùn dídùn ń wú bí ìléròrò lára èèpo rẹ̀. Mo kà nípa ti Kòríà, tí èso rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ àlùbọ́sà. Mo kà pé ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, orí òkè mélòó kan ní Mòrókò àti Àlùjíríà nìkan ni fáà ń dá hù sí. Ìsọlọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo kà pé abẹ́ òjìji àwọn àgbà igi ni àwọn kéékèèké ti ń dàgbà, tí wọ́n á máa fi sùúrù dúró. Mo tún kà pé ẹ̀ka fáà máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ kí yìnyín lè yọ̀ dànù lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Mo bojú wo géètì: igi wà nínú oòrùn, ẹni ẹlẹ́ni! Mo ní, “Háà, ooru ló ń pa á.”

Mo wọ́ ọ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn kó lè rí òjìji. Mo fi ìró mi kan tó tutù yí i lára. Lọ́jọ́ kejì mo gbé fáànù ṣọ́ọ̀bù mi jáde, mo kọ ojú rẹ̀ sí igi, èmi tí mò ń rán aṣọ sì ń làágùn títí òógùn fi kán sórí aṣọ funfun ọmọ kan. Bí iná bá lọ, mo máa ń fi páálí fẹ́ ẹ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo ra omi dídì inú ọ̀rá, mo tò ó yí ìdí rẹ̀ ká. Àwọn ènìyàn tó ń wọlé ń kí mi pé, “Ẹ kú ìnáwó o,” torí wọ́n rò pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń mú tutù fún àlejò. Omi yẹn yọ́, ó wọ ike lọ, ìpele kejì nínú ẹ̀ka náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ìyá Rísì ló bá mi níbi tí mo ti fẹ́ sunkún.

“Ìyá Dúpẹ́, kí ló ń ṣe ẹ́? Ta ló kú?”

“Kò tíì kú. Òtútù ló ń wá. Orí òkè oníyìnyín ni wọ́n ti bí i.”

Ó wo igi, ó wo mí, ó wo omi tó ń ṣàn nílẹ̀. “Ṣé òtútù náà ni? Ìwọ náà gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Òtútù tó wà ní kóòdù-rúùmù mi, tí wọ́n bá gbé ẹ síbẹ̀, ìwọ náà á gbàgbé orúkọ bàbá ẹ.”

Àwàdà ni. Mo mọ̀ báyìí pé àwàdà ni. Nígbà náà, bí ìgbà tí wọ́n fún mi ní èsì àdúrà ló rí létí mi. Kóòdù-rúùmù ni yàrá onírin tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí, ó tóbi tó yàrá tí ènìyàn méjì lè sùn sí. Mo rò pé bí igi náà bá lo wákàtí méjì péré níbẹ̀, ara rẹ̀ á rántí ilé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí aago méjìlá ṣe kọjá díẹ̀, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Oníkẹ̀kẹ́ ní àyè ènìyàn méjì ló gbà, kí n san ti igi. Ẹ̀ka igi ń gún un nímú láti ẹ̀yìn, ó sì ń sín títí a fi dé Èjìgbò.

Ìyá Rísì ń yọ ìbọ̀sẹ̀ láti lọ ṣe àlùwàlá nígbà tí mo dé. Kò gbà gbọ́ pé mo gbé e wá lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣí ilẹ̀kùn fún mi. “Gbé e sí kọ̀rọ̀ yẹn, kí o jáde kíá. Má dúró níbẹ̀ o.” Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Mo gbé igi sí kọ̀rọ̀, mo sì ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí n tó rántí pé abẹ́ òjìji àwọn àgbà ni fáà kéékèèké ń dàgbà sí. Ó dá dúró ní kọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé páálí ẹja kóté kan, mo tò ó sí apá ọ̀tún rẹ̀. Mo gbé ti ṣáwà sí òsì. Mo gbé ti pánlá lé orí ti kóté kó lè ga bí àgbà igi. Mo padà sẹ́yìn, mo wò ó, ó dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà náà ni mo gbọ́ “gbàm!”

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rísì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí ilẹ̀kùn kóòdù-rúùmù ní ṣíṣí kó kọjá. Kó tì í ni, kó fi àgádágodo sí i. Gàníyù, ọkùnrin gíga tó ń bá a gbé ẹja, ló rí i ní ṣíṣí. Ó ti jàlámíà sọ́rùn, ó ń sáré lọ sí ìrun Jímọ̀. Ó tì í, ó sì fi àgádágodo sí i. Ó pa jẹnẹrétọ̀ kí epo má baà jó dànù, ó ti ìta ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Ìyá Rísì rò pé mo ti lọ sílé. Gbogbo òpópónà yẹn, mọ́sáláṣí ni wọ́n ń lọ ní aago kan ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ẹja ni mo wà.

Iná kú. Òkùnkùn dé. Mo fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn, mo pariwo, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tan iná fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan nínú yàrá onírin. Àńkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sílípáàsì ni mo wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé nílùú òyìnbó, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi, òtútù tó le jù tí mo mọ̀ rí ni ọyẹ́.

Mo kọ́kọ́ bọ́ ìró tí mo fi yí igi lára, mo fi yí ara mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú páálí kan tó ṣófo, mo fi dé orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè-sódò. Mo gbàdúrà bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, mo fi “Bísímílà” tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu Àlàájà kún un, kí n má baà fi ibì kan sílẹ̀. Mo tilẹ̀ rántí pé ẹ̀ka fáà máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ kí yìnyín má baà wúwo lórí rẹ̀, mo bá dẹ èjìká mi méjèèjì sílẹ̀, mo dúró bẹ́ẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ronú ohun tí wọ́n máa sọ níbi ìsìnkú mi, pé, “Ó ṣọ́ra títí ayé rẹ̀, àárín ṣáwà àti pánlá ló kú sí.” Ẹkún gbọ̀n mí nígbà náà, kì í ṣe àwàdà.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo gbá ilẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn?” Ohùn Gàníyù ni, ó ń gbọ̀n.

“Èmi ni!” Eyín mi ń lu ara wọn, ohùn mi kò jọ ti ènìyàn mọ́.

“Ìwọ ta ni?”

“Èmi àti igi!”

Mo gbọ́ “Àúsù bíláhì!” àti ẹsẹ̀ tó ń sá lọ. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹja ni òun rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, “Gàníyù, padà wá, jọ̀ọ́! Èmi kì í ṣe ẹja!” Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì gbọ́, òun náà ni wọ́n fi ń kí mi ní Èjìgbò títí di òní.

Ìyá Rísì ló wá ṣí i, pẹ̀lú híjáàbù funfun lórí. Nígbà tó rí mi, páálí lórí, ìró ní ọrùn, igi ní àyà mi torí mo ti gbá a mọ́ra kí n lè rí ẹni gbámọ́, ó ké, “Láìláà! Ìyá Dúpẹ́! O ò lọ sílé?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó.”

Wọ́n gbé mi sínú oòrùn. Wọ́n gbé ògì gbígbóná fún mi, Gàníyù ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò padà sípò títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo bojú wo igi, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, mo ní, “Ẹ ò rí i? Ó ti rántí ilé.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, igi ti rọ bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ìka ọwọ́ mi kàn án, ewé jábọ́.

Mo já ẹ̀ka kan, mo sáré lọ sí Òkòtà lọ́dọ̀ olódòdó tó tà á. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin, ó wá bi mí pé, “Àǹtí mi, ta ló sọ fún yín pé fáà ni?”

“Igi Kérésìmesì ni wọ́n rà.”

“Igi Kérésìmesì ni mo tà, mi ò ta fáà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí fáà ní Òkòtà? Erékùṣù kan láàrin òkun ni irú eléyìí ti wá. Oòrùn ló fẹ́, afẹ́fẹ́ òkun ló fẹ́. Yìnyín ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ewé fáà tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà funfun méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín.”

Mo wò ó. Ewé rẹ̀ yípo bí abẹ́rẹ́ tó tẹ̀. Èmi náà ti ka ọ̀rọ̀ ìlà funfun yẹn lórí fóònù, mi ò kàn bẹ̀rẹ̀ wo ewé kan ṣoṣo ni.

“Kí ló wá mú un pọ́n látilẹ̀?”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń bomi sí i?”

Mo sọ fún un. Ó ṣí fìlà, ó họ orí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Igi mìíràn tó jọ ọ́ wà níbẹ̀, gíga kan náà, ike kan náà. Ẹ̀tàn náà wọlé sí mi lọ́kàn. Àlàájà kò ní mọ̀, Fárídà kò rí i lójúkojú rí. Mo ti fọwọ́ kan ike náà. Àmọ́ ẹ̀rù tún bà mí. Mo mọ ara mi: gbogbo ọjọ́ tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò ní lè wojú Àlàájà. Gbogbo Èjìgbò sì ti mọ̀. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo, mo pe Àlàájà ní Ìṣẹ́yìn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù, bí ẹni pé ó lè rí mi. Mo sọ ọ́ láti orí omi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dé orí páálí pánlá. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ìwọ gan-an ńkọ́? Ara rẹ ti gbóná?”

“Ó ti gbóná, Mà.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ fún Fárídà pé a ti pa igi rẹ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìparí, ìyẹn dùn mí ju òtútù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí padà. Mo rò pé ilé ló fẹ́ ní kí n kó kúrò. Ẹ̀rín ló ń rín. Fárídà ti sọ fún un pé láti ọjọ́ kìíní tí òun rí igi náà lójú fóònù lòun ti mọ̀ pé kì í ṣe fáà. Kò sọ torí pé inú Màmá ń dùn. Fáà, ó ní, wọ́n kún ẹ̀yìn iléèwé wọn, wọ́n sú òun. Igi tó lè dúró nínú oòrùn Ìsọlọ̀ ni òun fẹ́ fojú rí.

Nígbà tó dé ní Disẹ́ńbà, Àlàájà ti ra òmíràn, ó ti gbìn ín sílẹ̀ gan-an, ó sì ti fi bíríkì yí i ká. Ó ní kí n má ṣe kọjá bíríkì yẹn. Mi ò kọjá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, Fárídà á bomi sí i, èmi á sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Kí n tó máa bẹ̀rù fún nǹkan, kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Igi náà wà níwájú mi fún oṣù mẹ́jọ, ó ń fi ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Èmi ń ka ohun tí igi ẹlòmíràn ń fẹ́ ní òkè Kòríà.

Fárídà ní kí n jókòó, kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun ní Yorùbá, torí ó fẹ́ lọ sọ ọ́ níléèwé wọn. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi “Èmi àti igi,” ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi dà lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ṣe ń tán lọ, mo ṣàkíyèsí pé oòrùn ń ràn, imú mi sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.